Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ṣáínà lọ́nà

Bí olùkọ́ yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá kọ ọ́ sétí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ṣáínà pé kó jẹ́ "critical" sí i, ọmọ náà lè lọ máa wá gbogbo ibi tó ti lè bu ẹnu àtẹ́ lu òǹkọ̀wé tí wọ́n ní kó kà. Máàkì rẹ̀ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ sí i. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ìtumọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí á ya nǹkan sọ́tọ̀, kí á sì ṣèdájọ́, ni "criticism" ti ṣẹ̀ wá. Ojú méjì ló ní. Èkíní ni kí ènìyàn máa tọ́ka sí àléébù ẹlòmíràn. Èkejì ni kí á gbé iṣẹ́ yẹ̀ wò fínnífínní, kí á sọ ibi tó dára, ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àti ìdí rẹ̀.

Lédè Ṣáínà, "pīpíng" ni wọ́n sábà fi ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa lò ó fún lámèyítọ́ lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ojoojúmọ́, ìbáwí ni: ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé. "Pīpàn" le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1966 sí 1976, nígbà Ìyípadà Àṣà tí Mao Zedong dá sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pe fífi ẹ̀sùn kan olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ní gbangba, tí wọ́n sì ń dójú tì wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà nínú "pīpànxìng sīwéi", tí wọ́n fi túmọ̀ "critical thinking". Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ìjà dé?

Ọ̀nà àbáyọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn. Bí wọ́n bá "criticise" ẹnì kan nítorí ohun tó ṣe, ìbáwí ni. Bó bá jẹ́ "film criticism", àgbéyẹ̀wò fíìmù ni. "Constructive criticism" ni àléébù tí a tọ́ka sí kí iṣẹ́ lè dára sí i. Aláìsàn tó wà ní "critical condition" kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Yorùbá ya àríwísí sọ́tọ̀ kúrò lára lámèyítọ́. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan. Olùkọ́ tó bá tètè là á yé ọmọ Ṣáínà pé ìyìn tó ní ìdí náà jẹ́ "criticism" ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àṣìṣe.