Ẹ Wádìí Owó Kí Ẹ Tó Gbé Ọjà Jáde



Ní Ire-Akari, ní Isolo, àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ta hìjáábù àti jàlàbíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bi mí ní ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ owó tí ilé-iṣẹ́ agbowó ń yọ kì í ṣe èlé? Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé oníbàárà ti sanwó ní tòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, ṣe àpẹẹrẹ. Lórí ọjà ₦5,000, wọn a yọ 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe ₦75, àti ₦100 pẹ̀lú. ₦4,825 ni yóò kan ọlọ́jà. Ní tèmi, owó iṣẹ́ ni èyí, bí owó aláàárù. Kì í ṣe èlé, nítorí a kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá fẹ́ kí oníbàárà san án, kí ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ewu wà. Bí fóònù oníbàárà bá ní òun ti sanwó, ẹ má ṣe tíì gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ó gbé ìsọ̀ yín dúró, béèrè lọ́wọ́ Paystack fúnra rẹ̀: ṣé owó ti wọlé? Ṣé iye rẹ̀ pé? Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tí ó bá kọ 5000 dípò 500000, ₦50 ni yóò gbà. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fún yín, inú sáfà nìkan ni kí ó wà.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já lẹ́yìn tí owó ti kúrò ní báńkì oníbàárà, Paystack yóò ránṣẹ́ sí sáfà yín. Ẹ ṣètò láti gba iṣẹ́ náà, kí owó olówó má baà wà lọ́wọ́ yín láìsí ọjà.

Ní Suratul Bakarah, ẹsẹ 282, Ọlọ́run pàṣẹ kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí. Ọlọ́jà tí kò wádìí yóò pàdánù ọjà. Èyí tí ó gba owó tí kò fi ọjà ránṣẹ́ ti jẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, yóò sì jíhìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún òwò wa. Àmín.