Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìṣàn Omi Nínú Páìpù

Ìwọ̀n ìṣàn omi ni iye lítà tó ń gba ẹnu páìpù jáde láàárín àkókò kan. Garawa oní-20 lítà àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti tó láti fi mọ̀ ọ́n. A ó ṣí ẹ̀rọ dópin, a ó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, a ó ka àkókò tó fi kún, a ó sì fi àkókò náà pín iye lítà. Bí garawa bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ìdajì lítà ló ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Táńkì oní-1,000 lítà yóò gbà tó ìṣẹ́jú 33.

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town ní Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà ti ọdún 1977, omi ẹ̀rọ sì wà nínú ètò ìlú náà. Lónìí, láti ibẹ̀ dé Alákijà, kànga ẹ̀rọ àti táńkì ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Onílé ti di iléeṣẹ́ omi ara rẹ̀. Ìṣirò náà ti di tirẹ̀.

A tún lè ṣírò ìṣàn omi láti ihò páìpù, ṣùgbọ́n ìbú ihò náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì. A ó sọ ìbú náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 0.785, láti mọ bí ojú ihò ṣe fẹ̀ tó. A ó wá sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú eré tí omi ń sá. Ihò oní-ínǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Bí omi bá ń sá sẹ̀ǹtímítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí ìdajì lítà ni yóò gbà á kọjá. Ihò ìdajì ínǹṣì kò ní gba ìdajì èyí, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan péré ni. Lábẹ́ táńkì kan náà, ó tún máa ń kéré sí i, nítorí ara páìpù ń fa omi sẹ́yìn: nǹkan bí ìdá mẹ́fà kan ló máa ń kù. Orúkọ tí ọjà ń pe páìpù kò tó, ihò inú rẹ̀ gan-an ni ká wọ̀n.

Gíga mítà 10 láti ojú omi inú táńkì dé ẹnu ẹ̀rọ ń fún omi ní agbára tó tó bárì kan. Páìpù gígùn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti ìpẹtà irin inú omi ń jẹ nínú agbára yìí. Bí garawa tó ń kún ní ìṣẹ́jú àáyá 40 bá wá ń gba 80, kí á wọn ẹ̀rọ tó sún mọ́ táńkì jù àti èyí tó jìnnà jù kí á tó ra pọ́ǹpù ńlá. Bí ti ìtòsí bá ń ṣàn dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, páìpù tó wà láàárín méjèèjì ni kí plọ́ńbà tú wò.