Kí Ló Mú Àmàlà Dúdú?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí àmàlà dúdú, wọ́n á ní iṣu tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe èlùbọ́ rẹ̀, tàbí pé ẹni tó ṣe é kò ní ìmọ́tótó. Irọ́ gbáà ni. Ó sì ń dùn mí, torí orúkọ àwọn ìyá tó ń sá iṣu ní Ìgbẹ́tì àti káàkiri Òkè-Ògùn ni irọ́ yìí ń bà jẹ́. Èlùbọ́ tó bu yàtọ̀ ní tirẹ̀. Òórùn á tú u fó.

Bàbà (copper) ló ń sọ àmàlà di dúdú jù. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú iṣu tútù tó ní ẹyọ átọ́ọ̀mù bàbà méjì. Bí iṣu bá wà lódidi, ẹ́ńsáìmù náà kì í pàdé èròjà tó ń sọ di dúdú, torí ọ̀tọ̀ ni yàrá kálukú. Bí ọ̀bẹ bá ti wọlé, ògiri wó, afẹ́fẹ́ dé, bàbà méjèèjì á gbá ọ́síjìn mú, wọ́n á so ó mọ́ èròjà náà, àwọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Wọ́n tún ní irin ọ̀bẹ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irin lè dá kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí kì í dípẹtà kò ní kó má dú.

Ẹ̀rí wà pé bàbà ni. Láàárín 1937 sí 1938, ní Jámánì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Fritz Kubowitz yọ bàbà kúrò lára irú ẹ́ńsáìmù yìí tó wà nínú pòtétò, iṣẹ́ dúró; ó dá a padà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Solomon ti Yunifásítì Stanford ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tan oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ sí bàbà méjì yìí láti mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ́síjìn mú.

Ẹ wo ìyá tó mọṣẹ́ èlùbọ́: omi rẹ̀ á gbóná, kò ní jẹ́ kó hó, iṣu á sì sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Omi híhó ń pa ẹ́ńsáìmù náà kíá, ìdí nìyẹn tí iṣu sísè fi ń funfun.

Ní ti bàbà fúnra rẹ̀, àwọn kan ní májèlé ni gbogbo irú rẹ̀ nínú ara. Rárá o. Ìbátan ẹ́ńsáìmù yìí wà nínú awọ ara wa, bàbà méjì ni òun náà fi ń ṣe dúdú ara àti ti irun. Kojic acid tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ ọṣẹ àti ìpara ìbóra, bàbà yìí gan-an ló ń dì mú. Òun kan náà ni kì í jẹ́ kí pòtétò tí wọ́n gé tètè dú.