Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Ṣírò Ó



Láti Ìkòtún dé Ìgàndó, ọmọ SS2 wo ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sanwó? Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ibo ni èrè ti ń wá, ńṣe ni yóò máa wò yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ti sọ fáwọn èèyàn pé owó wọn máa di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ṣàdédé ni wọn ò rí owó gbà mọ́, wọ́n tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ san dọ́là 100 tàbí 200. (Ẹni tó jà yín lólè tún ń bèèrè owó ọkọ̀!) MMM náà ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ọmọdé làwọn SS2 òde òní nígbà yẹn. Ta ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn?

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ẹgbẹ́dá mú irú ètò bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Owó WAEC wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ká fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá síbẹ̀, oṣù kan péré ni.” Mi ò bá a jà. Mo ní kó mú bírò, kó máa sọ ọ́ di méjì-méjì fún oṣù méjìlá. Ó di 40,960,000 náírà. Mo ní, “Òwò wo ni wọ́n ń ṣe lọ́jà Ìkòtún tó ń mú irú èrè yìí wá?” Ó dákẹ́. Ó lọ san owó WAEC rẹ̀.

Ẹ wo ìyá alájọ. Ẹ dá 500 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 15,000. Ó mú 500 tirẹ̀, ó kó 14,500 fún yín. Kò ṣèlérí pé owó máa bímọ. Lóòótọ́, alájọ mìíràn a máa sá lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ ní àpò ní báńkì: láti 2024, tí báńkì ńlá bá kógbá sílé, NDIC lè san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà kan.

Àwọn kan ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí bírò lè fi hàn, ẹ kọ́kọ́ fi bírò wò ó. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìwé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 10,000.