Adìẹ Abólọ́rùn àti Ẹyin tí ó Ti Ọ̀nà Jíjìn Wá

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni adìẹ ti jẹ́ ẹran ọ̀sìn tí gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Agboolé tí ènìyàn kò ti ní bá àgbébọ̀ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń wá oúnjẹ kiri lẹ́yìn ilé kò pọ̀, ì báà ṣe ti olówó tàbí ti tálákà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adìẹ ni ó jọ ara wọn. Òmíràn wà tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn wá. Òmíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Òmíràn sì wà tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò láti ọjọ́ tí ó ti jáde nínú ẹyin. Èyí ni abólọ́rùn.

Ẹni tí kò bá rí abólọ́rùn rí lè rò pé àìsàn ni ó mú kí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ re, tàbí pé àwọn adìẹ yòókù ni ó fi ẹnu tu ú. Nítorí ìrísí yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníbàárà a máa dín owó rẹ̀ kù lọ́jà. Bí àlejò bá sì dé, òun ni a kọ́kọ́ ń nawọ́ sí láti pa. Báyìí ni ó ṣe ń di ọ̀wọ́n díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pinnu láti pa ìran rẹ̀ run. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá pa ẹyọ kan tí ó wà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó wá a tì. Ìran ẹran ọ̀sìn tí ó bá sì ti parẹ́, kò sí owó tí a lè fi rà á padà.

Àwọn àgbà a máa wí pé, “Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.” Òtítọ́ ni òwe yìí nípa ìnira tí ènìyàn ń fi pamọ́, ṣùgbọ́n ní ti adìẹ fúnra rẹ̀, kì í làágùn rárá. Bí ooru bá mú un, ohun tí ó lè ṣe ni kí ó la ẹnu, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó sì na apá rẹ̀ kúrò lára. Ìyẹ́ tí ó bò ó kì í jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ tètè jáde. Níbí ni àǹfààní abólọ́rùn wà. Ìyẹ́ ara rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ yòókù, ooru sì ń gba ọrùn rẹ̀ jáde. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn adìẹ mìíràn kò bá lè jẹun dáadáa mọ́, tí ẹyin wọn sì ń dínkù, abólọ́rùn a máa fara da ooru jù wọ́n lọ. Oúnjẹ tí ì bá fi hu ìyẹ́ a sì máa di ẹran sí i lára.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Roslin Institute, nítòsí ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ṣe àlàyé ohun tí ó fà á. Àyípadà kan nínú àbùdá adìẹ náà ni ó mú kí awọ ara rẹ̀ máa pèsè èròjà kan tí ń dá híhù ìyẹ́ dúró, kí ó sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Awọ ọrùn ni èròjà yìí sì máa ń tètè ràn ju awọ ibi yòókù lọ.

Bí àbùdá yìí ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ adìẹ ń gba ìpín kan lọ́wọ́ baba, ó sì ń gba ìpín kan lọ́wọ́ ìyá. Bí ó bá gba ìpín abólọ́rùn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ọrùn rẹ̀ yóò mọ́ tónítóní. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni ó ti gbà á, ọrùn náà yóò bó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ ìyẹ́ kékeré kan yóò wà ní iwájú ọrùn, lókè igẹ̀. Àmì yìí ni ọlọ́sìn tí ó gbọ́n fi ń yan adìẹ rẹ̀. Bí ó bá fi àkùkọ tí ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní sí àárín àwọn àgbébọ̀ lásán, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ abólọ́rùn oníṣùpọ̀. Bí ó bá mú akọ àti abo oníṣùpọ̀ pọ̀, nínú ọmọ mẹ́rin, ohun tí a ń retí ni ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, méjì oníṣùpọ̀, àti ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ ní ìyẹ́ bíi ti adìẹ gbogbo.

Nítorí náà, àkùkọ kan ṣoṣo lè dá ìran náà padà sí agboolé. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí ọmọ ìyá bá ń gun ọmọ ìyá láti ìran dé ìran, ẹyin wọn kì í pa dáadáa mọ́, ọmọ wọn a sì máa ṣe aláìlera. Dandan ni kí ọlọ́sìn wá ẹ̀jẹ̀ tuntun láti ibòmíràn, ibẹ̀ sì lè jìnnà. Ó lè jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni òun ń gbé, kí ó sì jẹ́ pé Ṣakí ni a ti rí abólọ́rùn mìíràn. Bí ó bá gbé adìẹ ààyè wá, ó lè gbé àìsàn Newcastle, tí ń pa adìẹ lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ inú ọgbà rẹ̀. Ẹyin rọrùn láti gbé, ewu rẹ̀ sì kéré sí i. Síbẹ̀, àwọn àìsàn kan wà tí ìyá adìẹ lè fi sínú ẹyin. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè bí ara àwọn adìẹ tí ó yé e ṣe rí.

Ẹni tí yóò fi ẹyin ránṣẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nǹkan oṣù kan ṣáájú ni yóò ti ya àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú àkùkọ tí ó yàn, nítorí pé àtọ̀ àkùkọ tí ó ti gùn wọ́n tẹ́lẹ̀ lè wà nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Yóò máa kó ẹyin lójoojúmọ́, yóò sì yan èyí tí èèpo rẹ̀ le, tí kò sì tóbi tàbí kéré jù. Kò gbọdọ̀ fi omi fọ̀ ọ́, nítorí pé ohun kan bo èèpo ẹyin tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ wọlé. Bí omi bá ti fọ èyí nù, ẹyin náà ti di ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Ibi tí ó tutù ni yóò kó wọn sí, bíi yàrá tí oòrùn kì í tàn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ẹyin tí ó bá ti ju ọjọ́ méje lọ kò yẹ ní ríránṣẹ́.

Ó yẹ kí a rántí pé ohun abẹ̀mí ni ẹyin tí àkùkọ ti fọwọ́ sí. Oorun ni ọmọ inú rẹ̀ ń sùn. Bí ooru ibi tí ó wà kò bá kọjá nǹkan bí 20 °C, kì í jí. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ga ju èyí lọ, tí kò sì tó ti abẹ́ ìyá rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà lọ́nà tí kò péye, yóò sì rẹ̀ ẹ́ kí ìrìn àjò tó parí. Ìdí nìyí tí ẹyin tí a gbé sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán fi sábà máa ń di òbu. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí òru ni ìgbà tí ó dára láti gbé e. Kí a fi ìwé tàbí òwú wé ẹyin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a tò wọ́n sínú páálí tí a fi koríko gbígbẹ tẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ tí ó gbórín máa wo òkè.

Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀gbẹ́ tí ó gbórín, òun sì ni ọ̀ròmọdìẹ yóò kọ́kọ́ mí kí ó tó fọ́ èèpo. Gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà lè já afẹ́fẹ́ yìí kúrò ní ààyè rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹyin bá ti dé, a kò gbọdọ̀ kánjú. Kí a gbé e dúró fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ̀gbẹ́ gbígbórín wà lókè, kí gbogbo ohun inú rẹ̀ lè fara balẹ̀. Bí a bá wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó nínú òkùnkùn, a ó rí bí afẹ́fẹ́ náà ti wà. Èyí tí ó sán ni kí a yọ kúrò.

Àgbébọ̀ tí ó mọ ọmọ tọ́ ni olùrànlọ́wọ́ tí ó dára jù. Ó lè sàba lé ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá. Òru ni kí a rọra ti ẹyin bọ abẹ́ rẹ̀, kí oúnjẹ àti omi má sì jìnnà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí wọn. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ ìyá adìẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá ní abẹ̀bẹ̀ nínú, ooru rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí 37.5 °C. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò wà láàárín ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún; a ó sì máa yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán, lójúmọ́. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹyin kan bá ń rìn kiri, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn kì í yí i ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ keje, bí a bá fi iná wò ó, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yóò hàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, a ó dẹ́kun yíyí, a ó sì fi kún ọ̀rinrin títí yóò fi tó ìdá 65 sí 70.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún ni ọmọ ń jáde. Ẹlòmíràn, bí ó bá rí i pé ọ̀ròmọdìẹ ń jìjàkadì pẹ̀lú èèpo, a fi èékánná bó o fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, ọmọ náà yóò sì kú. Ó ní àkókò tí ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin tí ó kù wọ inú ara rẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ ti wí pé, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.”

Bí ẹyin méjìlá bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tí mẹ́fà sì pa, kí ọlọ́sìn má bọkàn jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí akọ jẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Abo mẹ́ta yòókù ni ìpìlẹ̀ agbo tuntun. Kí ó jẹ́ kí ara wọn móoru, nítorí pé òtútù máa ń tètè mú ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò ní aṣọ. Kí ó so àmì mọ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ó sì kọ orúkọ baba àti ìyá wọn sínú ìwé.

Ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìẹ ìbílẹ̀ ní yunifásítì ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó bí adìẹ tí a ń pè ní FUNAAB Alpha, tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 2018. Èyí fi hàn pé ohun tí a ń fojú tín-ín-rín ní ẹ̀yìn ilé lè di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò lè pa ìran adìẹ mọ́. Bí gbogbo abólọ́rùn ìlú kan bá wà nínú ọgbà ẹnìkan, àìsàn ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti gbá wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ẹyin rẹ̀ bá pa, tí ọmọ rẹ̀ sì dàgbà, kí ó fi ẹyin mélòó kan ta aládùúgbò rẹ̀ lọ́rẹ. Ní ọjọ́ tí ọgbà tirẹ̀ bá ṣófo, ilé aládùúgbò náà ni yóò ti rí irú-ọmọ gbà padà.