Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ara Tó Rọ̀ Tàn Yín Jẹ

Ibà kan wà tí oògùn ibà tí a ń rà lójoojúmọ́ kò ràn rárá. Òun ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní yellow fever. Ní 1986, ẹ̀fọn inú igbó tàn án ká ní ìhà Bẹ́núè. Ní 1987 ó wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀fọn àgbàlá wa gan-an ló sì ń gbé e kiri nígbà náà. Ó tún yọjú ní Kwara ní 2017.

Ẹ̀fọn yìí ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀. Kì í dúró de alẹ́, ojú ọ̀sán ló ń jẹni, nígbà tí a wà nídìí àtẹ. Bí ó bá jẹ aláìsàn, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó di agbàrùn fún gbogbo ẹni tó bá tún jẹ. Omi tó mọ́ ló ń yé sí: àmù, dírọ́ọ̀mù, agolo, táyà àlòkù. (Ẹ̀yin oníṣòwò táyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò wọ́n kí òjò má wọ̀ ọ́.) Ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó sì lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú. Nítorí náà, kí a da omi àti tanwíji nù kò tó, ẹ fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 6 tí ó jẹni, ibà á dé lójijì, orí á fọ́, ẹ̀yìn á máa dunni, èébì á dé. Bó bá tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ara á rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ nínú aláìsàn 100, bíi 15 ni yóò tún dá wó láàárín ọjọ́ kan, ìgbà tí òmíràn ti padà sọ́jà. Àìsàn ti wọ ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Ojú á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ á dúdú. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde nímú àti lẹ́nu, èébì á dúdú. Kíndìnrín náà á daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdajì àwọn tó bá dé ibẹ̀ ló ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló lè fi omi àti ẹ̀jẹ̀ gbé ara ró. Ẹ má lo áásípíríìnì, tàbí oògùn ìyẹ̀fun tó ní in nínú, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà sí i. Ojú pípọ́n nìkan kò sì tó ẹ̀rí, nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀ mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Láti ara ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Ghana, ní 1927, ni wọ́n ti rí kòkòrò tí Max Theiler fi ṣe é ní 1937. Láti 2004 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ oṣù 9 wa. Ẹni tó lóyún, ẹni tó lé ní 60 ọdún, tàbí ẹni tí ẹyin adìyẹ kì í bá lára mu, kó bi dókítà kó tó gbà á.

Ẹ̀yin tí ń ná Kùtọnú àti Lomé, àwọn kan ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì o. Láti oṣù Keje 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Káàdì yín tó ti lé ní ọdún 10 ṣì dára, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní bodè nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbà á, kó gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kó tó rìnrìn-àjò, torí ìgbà yẹn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.