Níbo Ni Epo Dúró Sí? Wíwá Ìdí Àìrí-Epo-Mu Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo gbé wá síwájú yín, níbi tí a ti máa ń sọ ti oríkì, ti ìtàn ìlú àti ti gírámà. Ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè kò jìnnà sí i rárá.

Ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Ọ̀tà sí Ìdírókò, tí ó sì dé Ìyànà Ìyẹsí, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ọkọ̀ akérò, tírélà tí ó kó ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sàngó, ọkọ̀ àwọn òbí tí ń lọ wo ọmọ wọn ní Covenant University tàbí ní Bells, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń fún ara wọn mọ́. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, èébú tí yóò jẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kéré. Mo ti jẹ ẹ́ rí.

Ọkọ̀ àgbà ni ọkọ̀ mi nígbà náà, ó ń lo kàbúrétọ̀. Bí mo bá gbé e kúrò nílé láàárọ̀, yóò sáré bí ẹṣin. Bí ó bá di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò máa dín kù, yóò sì kú. Bí mo bá jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò tún jí, yóò sì máa bá mi lọ. Mẹkáníìkì kìíní ní pílọ́ọ̀gì ni. Mo ra pílọ́ọ̀gì mẹ́rin. Èkejì ní kọ́ìlì ni. Mo ra kọ́ìlì. Ẹ̀kẹta ní kàbúrétọ̀ ti gbó, a pààrọ̀ rẹ̀, a sì pààrọ̀ páǹpù mọ́ ọn. Owó oṣù kan gbáko ti wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì yé kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó tún kú sí Ìyànà Ìyẹsí, ọmọṣẹ́ kan tí kò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó wá bá mi. Ó kí mi, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, báwo ló ṣe máa ń kú? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni, àbí ó máa ń wúkọ́ kó tó kú?" Mo ní ó máa ń wúkọ́. "Bẹ́ẹ bá dúró díẹ̀, ó máa ń jí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó lọ, ó yí ìdérí táǹkì epo, a sì gbọ́ ariwo atẹ́gùn, fììì, bí ìgbà tí ènìyàn mí kanlẹ̀. Ó ní, "Táǹkì yín ni kò rí èémí mí, sà. Ẹ ṣíná sí i." Mo ṣíná sí i, ó sì dáhùn.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Bí epo bá ń jáde nínú táǹkì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Wọ́n ti jí ìdérí táǹkì mi àkọ́kọ́, mo sì ra òmíràn tí kò ní ihò atẹ́gùn lọ́jà. Bí páǹpù ṣe ń fa epo síwájú ni òfìfo inú táǹkì ń fà á sẹ́yìn, títí páǹpù fi rẹ̀. Bí mo bá dúró, atẹ́gùn yóò rọra yọ́ wọlé, ọkọ̀ yóò sì jí.

Ohun tí ọmọ yìí mọ̀, tí àwọn ọ̀gá mẹ́ta kò fi ṣe, ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo ń gbà: láti inú táǹkì bọ́ sínú páìpù, láti inú páìpù dé fítà tí ń sẹ́ ìdọ̀tí, ó di inú páǹpù, ó di inú kàbúrétọ̀ níbi tí epo ti ń pàdé atẹ́gùn, kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: níbo ni epo dúró sí? Ẹni tí kò bá béèrè èyí yóò kàn máa ra ẹ̀yà ọkọ̀ kiri ni.

Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní òpópó tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ara ọkọ̀ méjèèjì yìí, Peugeot 504 àti èyí tí a sọ ní Ìjàpá, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni táǹkì 504 wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà níwájú; iwájú ni táǹkì Ìjàpá wà, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nínú méjèèjì, epo ní láti rin ìrìn-àjò láti ìpẹ̀kun ọkọ̀ kan dé ìkejì, páǹpù kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń mì ni ó sì ń fà á. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú páǹpù náà tí ń lọ sókè sódò. Bí rọ́bà yìí bá ya, epo lè máa ro sílẹ̀, ó sì lè máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni àgbà mẹkáníìkì fi máa ń fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, tí yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí epo, kí a má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí a ó fi tún un ṣe.

Mo ṣèlérí pé n ó kan ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ gbọ́ bí àwọn onímọ́tò ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ọkọ̀ ń wúkọ́, ó ń tìkọ̀, kò gba òkè, ó ń mu epo bí omi, ó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè rò pé àsọdùn lásán ni. Irọ́ ni. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Ọkọ̀ tí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a pa iná, iná ni kò rí, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí ó wúkọ́ kí ó tó kú, epo ni ó tán lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó ń lọ geere ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò gba òkè, epo ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tó. Kí a wo fítà àti páǹpù. Èyí tí ó ń tìkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ kí ó sáré, inú kàbúrétọ̀ ni kí a lọ wò. Èyí tí ó ń tú èéfín dúdú tí ó sì ń rùn bí epo, epo ti pọ̀ jù fún un ni.

Ẹ máà jẹ́ kí a bú mẹkáníìkì kejì jù. Kọ́ìlì tí ó bá ti ń bàjẹ́ a máa kú bí ó bá gbóná, a sì máa jí bí ó bá tutù, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ mi ti ń ṣe. Bí ọkọ̀ ṣe ń kú ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kò sì bi mí.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò. A ó ṣíná sí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, a ó sì tú pílọ́ọ̀gì kan. Bí ó bá gbẹ táútáú, epo kò dé ibẹ̀. Bí ó bá tutù tí ó ń rùn, epo dé, kí a wá ọ̀ràn lọ sọ́dọ̀ iná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, a lè ṣí ẹnu kàbúrétọ̀, kí a fa okùn irin tí ó ti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ wá. Bí epo bá tú pẹ̀ẹ̀ sínú rẹ̀, epo wà nínú kàbúrétọ̀, a ti fo táǹkì, páìpù àti páǹpù kọjá nìyẹn. Bí kò bá tú, a ó máa padà sẹ́yìn ní ìpele ìpele títí a ó fi dé ibi tí epo dúró sí.

Ooru náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀sán, epo lè hó nínú páìpù, kí ó di oruku. Páǹpù tí a ṣe fún ohun olómi kò lè fa oruku. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń di aṣọ tútù mọ́ páǹpù. Ọgbọ́n gidi ni. Bí aṣọ tútù bá jí ọkọ̀, ooru ni. Bí ṣíṣí ìdérí táǹkì bá jí i, èémí ni.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀nà epo mọ́ ṣáká, tí epo fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìṣòro. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso epo kéde pé a ti kó bẹntiróòlù tí ó ní methanol ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ wọ Nàìjíríà. Ọtí olóró ni methanol; ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ba àwọn rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹni tí ó bá fura sí epo, kí ó bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ó gbé e kalẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ìgò, ojú yóò sì rí ààlà àárín wọn.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra epo díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Táǹkì tí kì í kún rí a máa kó omi ìrì jọ, páǹpù a sì máa fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tilẹ̀ burú jù fún àwọn tòkunbọ̀ tí páǹpù wọn ń lo iná bátìrì nínú táǹkì, nítorí epo tí ó yí i ká ni ó ń mú un tutù. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná, kí ẹ sì tẹ́tí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó gbọ́ kí páǹpù kùn fún ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúùsì kí ẹ tó ra páǹpù. Ẹ má sì ṣe tú páìpù rẹ̀ bí a ti ń tú ti 504, nítorí agbára tí ó fi ń ti epo ju ti páǹpù àtijọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Àṣà méjì kan wà lójú ọ̀nà wa tí ó ń bà mí lẹ́rù. Èkíní ni fífi ẹnu fa epo láti inú rọ́bà. Díẹ̀ tí ó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Èkejì ni pé kí a so kẹ́ẹ̀gì epo kọ́ sórí ẹ́ńjìnnì, kí ó máa ro sínú kàbúrétọ̀ títí a ó fi délé. Oruku bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá gbà, títí yóò fi dé ìdí ààrò alákàrà tí ó wà létí títì. Mẹkáníìkì kẹta fi èyí lọ̀ mí ní ọjọ́ kan, mo sì kọ̀.

Ìdérí tí ó ní ihò atẹ́gùn ni mo rà ní ọjọ́ kejì. Mo fọ kàbúrétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ní ó ti gbó, mo sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Òun ni ó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà títí mo fi ta ọkọ̀ ọ̀hún.